Sílàìdì Bàbá Mi Àgbà Tí Wọ́n Dá Padà Láìtú

Ogójì ọdún ó lé ni bàbá mi àgbà fi wo ẹ̀jẹ̀ ọlọ́mọ-ọlọ́mọ. Nígbà tó wá kan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, wọn kò wò ó.

Mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn ní àwọn wò ó. Lẹ́tà wọn wà lọ́wọ́ mi, màá sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tí wọ́n kọ sí wa, "aláìsàn ọkùnrin" ni wọ́n ń pè é láti òkè délẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́. Adéṣínà lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò wa ní Thamesmead Moorings, ní London, ń pè é ní Daddy Sílàìdì. Èmi tó gbà tọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, Daddy Àgbà ni mo ń pè é.

Kò sí ohun tí Daddy Àgbà kì í kọ́kọ́ gbé sójú ìmọ́lẹ̀ kó tó gbà á gbọ́. Ife omi, ewé ẹ̀fọ́ tí Mummy Àgbà, ìyàwó rẹ̀, rà bọ̀ láti Woolwich, lẹ́tà council, awò ojú ara rẹ̀. Orí tábìlì ìjẹun ni maikirosikóòpù rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí omi ẹ̀yìn ilé, torí pé irú ti àtijọ́ tí kì í lo iná ni. Dígí kékeré abẹ́ rẹ̀ ló fi ń gba ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Ilé ìwòsàn tó ti ṣiṣẹ́ láàbù ní Iléṣà ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìntì, torí wọ́n ti ra tuntun. Orí itan ló gbé e sí nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó dé London. Gèlè àtijọ́ ìyàwó rẹ̀ ló sì fi ń bò ó, ìyẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀.

"Bàbá Fẹ́mi, ìyàwó yín kejì ti tún gba tábìlì mi o," Mummy Àgbà á wí. Fẹ́mi ni bàbá mi, àkọ́bí wọn.

"Jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó bá ẹ jà ni?"

"Kò bá mi jà. Kó ṣáà dìde kó lọ gún iyán. Àbí gèlè lásán ló mọ̀ ọ́n wé?"

Yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n tí òórùn ọbẹ̀ bá ti jáde, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ẹ̀rọ náà sórí àpótí, tí yóò nu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò sì wí fún mi bí ẹni ń sọ àṣírí pé, "Ìyàwó àgbà ló ni ilé."

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè mọ ìwà rẹ̀. Tí ènìyàn bá fi ojú sí maikirosikóòpù, àyíká róbótó kan ṣoṣo ni yóò rí. Fíìdì kan nìyẹn. Tí o bá rọra sún sílàìdì, dígí pẹlẹbẹ tí ẹ̀jẹ̀ wà lórí rẹ̀, fíìdì mìíràn á yọ. Kòkòrò ibà lè máà sí nínú ogún fíìdì, kó wà nínú ìkọkànlélógún. Nítorí náà, ẹni tó bá rí i lè dúró síbi tó ti rí i. Ẹni tí kò rí i ni kò gbọdọ̀ tètè dúró. Ọgọ́rùn-ún fíìdì ni Daddy Àgbà ń kà kó tó kọ "kò sí" sórí ìwé ẹnikẹ́ni. Kí ìṣirò má baà dà rú, ó ní ẹ̀wà mẹ́wàá nínú ìdérí agolo tíì kan. Bó bá ka fíìdì mẹ́wàá, á ti ẹ̀wà kan láti apá òsì sí apá ọ̀tún. Ó dìgbà tí ẹ̀wà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá kọjá kó tó yanu.

Òfin yìí ló fi tọ́ wa. Mo sọ kọ́kọ́rọ́ nù: "Ṣé o ti wo ọgọ́rùn-ún fíìdì?" Mo parí yunifásítì, mo jókòó sílé oṣù mẹ́fà, mo ní kò síṣẹ́ ní gbogbo London: "Fíìdì mélòó lo wò nínú London ọ̀hún?" Inú ń bí mi nígbà náà. Lẹ́yìn ìdérí agolo ẹ̀wà yẹn, ẹnì kan ti fi bírò kọ orúkọ kan, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi í pé ta ni Àbẹ̀kẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá mi ni."

Ìtàn tó fẹ́ràn jù ni ti oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú àwọn Dutch, láyé ọjọ́un. Ọkùnrin náà ń fi dígí ka òwú inú aṣọ kí wọ́n má baà rẹ́ ẹ jẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ dígí tirẹ̀, bíńtín báyìí, bí orí ìgbín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ìkarahun, èyí tó dára ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ló bá fi wo omi adágún. Ló bá rí ohun abẹ̀mí tó ń sáré kiri nínú ẹ̀kán kan. Ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀mọ̀wé London ní èdè abínibí rẹ̀, torí kò kàwé débi Látìn. Wọ́n ṣiyèméjì. Ta ni oníṣòwò aṣọ? Kí ló mọ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn bu omi, ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ó sì rí wọn. Láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ pé ohun tó ń pani lè kéré ju ohun tí ojú ń rí lọ.

Tó bá dé ibí, á tún fi ti dókítà ológun ilẹ̀ Faransé kan kún un, ẹni tó wo ẹ̀jẹ̀ sójà tí ibà ń ṣe ní Algeria, tó rí ohun tó ń jùrù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi jiyàn. Àwọn náà padà wá wò ó. Daddy Àgbà mọ gbogbo ẹ̀rọ tó wá dé lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó ń lo iná, èyí tó tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù tó ń rí fáírọ́ọ̀sì, èyí tí kọ̀ǹpútà ń bá ènìyàn wò. Kò kórìíra ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n ibi tó ń parí ìtàn sí kì í yí padà: "Dígí kò gba oníṣòwò aṣọ náà là o, Rẹ́nikẹ́. Ẹni tó gbà láti wò ó ló gbà á là."

Nígbà tó dé ìlú yìí, ìwé ẹ̀rí Iléṣà kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn níbi tó kọ́kọ́ wáṣẹ́ sí. Ilẹ̀ ló ń fọ̀. Lẹ́yìn náà ló rí iṣẹ́ ní láàbù lọ́hùn-ún, ní Crossness, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí London. Mo rò pé ìtìjú ni yóò jẹ́ fún un. Ó ṣe bí ẹni tó jẹ oyè. Ó ní nínú ẹrẹ̀ dúdú yẹn, àwọn ẹranko kan wà tó ń jẹ ìdọ̀tí. Tí wọ́n bá pọ̀, tí ara wọn dá, omi yóò mọ́ kó tó wọ Thames. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa yẹ̀ wọ́n wò láràárọ̀. Ó máa ń dárúkọ wọn fún wa nídìí oúnjẹ títí Mummy Àgbà á fi gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀. "Gbogbo London ló ń jẹ," ó wí, "èmi ni mo mọ àwọn tó ń palẹ̀ mọ́."

Ìjà tó jà tí gbogbo ìjọ gbọ́ ni ti omi àdúrà. Ìjọ wa ń lo gbọ̀ngàn kan nítòsí Yarnton Way, wọ́n sì ní àgbá omi kan lẹ́yìn pẹpẹ tí wọ́n ti gbàdúrà sí láti àjọ̀dún ọdún tó kọjá. Mummy Àgbà bu ìgò kan wálé. Ẹ ti mọ ẹni tó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ síta, ó kàn sè é kó tó mu ún. Èmi tí ẹnu mi kò ní ìdérí ni mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ó bá dé etí Pastor. Pastor wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé.

"Daddy, wọ́n ní ẹ gbé omi Ọlọ́run sábẹ́ ẹ̀rọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jókòó. Ẹ wá wò ó."

"Ìgbàgbọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú wò, Daddy."

"Òótọ́ ni. Omi ńkọ́?"

Pastor bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú kan síbẹ̀. Ó fò sẹ́yìn. "Ah! Kí lèyí tó ń sáré?"

"Àwọn náà wá sí ìsọjí ni, sà."

Mummy Àgbà sá wọ ilé ìdáná kí Pastor má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n Daddy Àgbà kò fi í ṣe ẹlẹ́yà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó po tíì fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni ìjọ ti ń se omi, kò sì sẹ́ni tó ṣe ìkéde. Ohun tó sọ fún Pastor lẹ́nu ọ̀nà ni pé, "Àdúrà wọ̀ ọ́, n kò jiyàn. Ẹ kàn jẹ́ kí iná ṣíwájú àdúrà."

Ọjọ́ tí mo gboyè ló tó sọ ẹni tí Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ fún mi. Èmi àtòun la jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan létí odò ní Woolwich, tòun ti kóòtù dúdú rẹ̀. Ó ní kí n gbọ́ ọ lẹ́nu òun kí òun tó kú.

Ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà náà, ní Iléṣà. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, ìsọmọlórúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà nírọ̀lẹ́, ó ti pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan wá. Ó wo ọgbọ̀n fíìdì, kò rí nǹkan kan, ó kọ "kò sí," ó sì lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ní ìbámu pẹ̀lú ìwé yẹn, dókítà tọ́jú nǹkan mìíràn. Ọmọ náà kú lọ́jọ́ Àìkú. Láàárọ̀ Ajé, ó yọ sílàìdì náà jáde padà, ó jókòó tì í, ó sì bá kòkòrò ibà pàdé kó tó ka fíìdì àádọ́ta.

Ó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Adéṣínà, ṣé orí ẹ pé? Ta ló bi ẹ́ léèrè?"

Ó ní, "Kò tíì sẹ́ni tó bi mí, sà. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìyá ọmọ náà, sílàìdì wà nínú àpò àyà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní òun lòun wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn. Ìyá náà bi í pé, "Ṣé o wò ó tán?" Ó ní, "Rárá, mà. Ọgbọ̀n ni mo wò. Ọgọ́rùn-ún ló yẹ." Àwọn ọkùnrin ilé dìde sí i. Ìyá náà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó gbé àpótí fún un, ó ní kó jókòó, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, èyí tí Daddy Àgbà gbé wá sí London tòun ti maikirosikóòpù: "Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ ẹ̀. Má gbàgbé."

Ẹni tí wọ́n ṣe èyí fún nìyẹn. Ó wá ku ohun tí wọ́n ṣe.

Daddy Àgbà lọ sin àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Iléṣà, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gbàgbé oògùn ibà rẹ̀, tó yẹ kó ṣì máa lò lẹ́yìn tó bá padà dé, sójú fèrèsé ilé àbúrò rẹ̀, kò sì rà mìíràn. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, mo kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bò mí lẹ́nu. Ọjọ́ kẹwàá tó padà dé London, ibà mú un. Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara rẹ̀, ó fi ẹ̀jẹ̀ pa dígí, ó da aró rẹ̀ sí i, ó jókòó sídìí tábìlì, kóòtù lọ́rùn, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Rẹ́nikẹ́, wá wò ó. Kí lo rí?"

Mo rí àwọn àwo pupa rẹ́súrẹ́sú, àti nínú díẹ̀ lára wọn, òrùka tín-ín-rín aláwọ̀ elésè àlùkò. "Òrùka."

"Òrùka tó ní òkúta lórí. Kì í ṣe ti ìgbéyàwó o." Ó ń rẹ́rìn-ín. Nínú ìdérí agolo, ẹ̀wà kan ṣoṣo ló ti kúrò ní apá òsì. Kó tó pé ogún fíìdì ló ti rí kòkòrò ibà náà.

Ó ya ohun tó rí sórí ìwé. Ó di sílàìdì náà, ó fi òun àti àwòrán sínú àpòòwé, ó kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀ gàdàgbà-gadagba, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Mo fi mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n fi ìdánwò onílà wò ó, èyí tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí tó ń fa ìlà. Ìlà ibà kò yọ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn, wọ́n ní láàbù máa wò ó. Kò pẹ́ rárá tí dókítà ọ̀dọ́ kan fi padà wá pé kò sí ibà, fáírọ́ọ̀sì lásán ni, kó máa mu omi. Daddy Àgbà na àpòòwé náà sí i. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn ní láàbù tàwọn.

"Mo mọ̀ pé ẹ ní láàbù," Daddy Àgbà wí. "Fíìdì mélòó ni wọ́n wò? Tí wọn kò bá rí i lónìí, ó yẹ kí wọ́n tún un wò lọ́la, kí wọ́n tún un wò lọ́túnla."

Dókítà wo aago. Ojú tì mí. Mo kọ èyí náà sílẹ̀ lára ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, torí èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́: èmi tí mo ti fojú ara mi rí òrùka, èmi ni mo fà á lápá, tí mo ní, "Daddy, ó tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn."

Ó yíjú sí mi. "Iṣẹ́ wọn ni mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe."

Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Yorùbá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ló gba àpòòwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Daddy. Màá fi sínú fáìlì yín, kí ẹni tó bá tún rí yín lè rí i." Ohun tí agbára rẹ̀ ká nìyẹn, ó sì ṣe é. N kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú rẹ̀.

A padà sílé. Lọ́jọ́ Ẹtì, ara rẹ̀ tutù. Inú wa dùn. Òun nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní ibà máa ń sinmi. Mummy Àgbà ní ká padà lọ. Mo ní ká dúró títí di Mọ́ńdè ká rí GP, dókítà àdúgbò wa. Láàárọ̀ Sátidé, ó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú pè mí, ó ń bi mí bóyá wọ́n ti ti ilẹ̀kùn láàbù. Áńbúláǹsì gbé e padà sílé ìwòsàn yẹn. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kòkòrò ibà kún inú rẹ̀ bámúbámú. Wọ́n sáré, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n sáré gan-an. Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé.

Nígbà tí mo lọ gba ẹrù rẹ̀, wọ́n fún mi ní awò ojú, síńgílẹ́ẹ̀tì, Bíbélì, sálúbàtà. Àpòòwé náà wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Téèpù rẹ̀ kò já. Kò sí ìka ẹnikẹ́ni lára rẹ̀ ju ìka nọ́ọ̀sì ọmọ wa yẹn lọ.

Mo kọ̀wé ẹ̀sùn. Wọ́n fèsì pé wọ́n "yẹ sílàìdì ẹ̀jẹ̀ tí àwọn fà lọ́wọ́ rẹ̀ wò bó ti yẹ." Mo ní kí wọ́n fún mi ní àkọsílẹ̀ láàbù, wọ́n sì fún mi. Mo ka ojú ìwé náà bí Daddy Àgbà ṣe máa kà á. Ibi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó wò ó wà, òfìfo. Ibi tó yẹ kí iye fíìdì wà, òfìfo. Níbi àtúnyẹ̀wò ọjọ́ kejì, wọ́n kọ ọ́ pé kò pọn dandan. Ohun kan ṣoṣo tó hàn ketekete ni "kò sí."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ mọ ara yín, mò ń bi yín. Ta ló jókòó sídìí maikirosikóòpù yín lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ yẹn? Ṣé ẹnì kan tilẹ̀ jókòó? Ta ló pinnu pé àtúnyẹ̀wò kò pọn dandan fún arúgbó tó ti Iléṣà dé, tí ibà ń gbọ̀n níwájú yín? Kí ló dé tí àpòòwé tí wọ́n kọ "kòkòrò ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ yìí" sí lára fi lo ọjọ́ mẹ́rin nínú fáìlì yín láìsí ẹni tó tú u?

Ẹ má kọ lẹ́tà mọ́. Ẹ wá sílé. Mummy Àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tábìlì rẹ̀ láti ọjọ́bọ̀ yẹn. Orí àpótí la ti ń jẹun. Ó ti fa àga kan sí i fún ẹni tó bá wá. Ó ní òun kò ní pariwo, òun kàn fẹ́ sọ orúkọ ọkọ òun fún yín ni. Maikirosikóòpù wà níbẹ̀, sílàìdì wà nínú àpòòwé rẹ̀, ẹ̀wà kan wà lápá ọ̀tún, mẹ́sàn-án wà lápá òsì. Ẹ jókòó. Ẹ wò ó. Kí ẹ wá gbójú sókè, kí ẹ dá opó lóhùn bí ọkọ rẹ̀ ṣe dá ìyá Àbẹ̀kẹ́ lóhùn: fíìdì mélòó lẹ wò?